Ìgbànú Ọ̀gánwó

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó ń tẹ fóònù, kó tẹ̀ ẹ́ tán kó fi sápò. Mi ò bínú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a ń fi etí kan gbọ́. Ẹ fa ẹní yẹn wọ ibi tí òjìji ògiri dé. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ìbòji igi ló yẹ ká jókòó sí, ká ní igi ṣẹ́ kù. Ohun tí kò jẹ́ kó ṣẹ́ kù gan-an ni mo torí ẹ̀ pè yín.

Ẹ̀yin rí abúlé yìí bó ṣe rí lónìí, ẹ sì rò pé bẹ́ẹ̀ ló ti ń bọ̀ látayébáyé. Ẹ̀rọ omi wà níwájú mọ́ṣáláṣí. Tó bá bàjẹ́, ẹ ó ra omi inú ọ̀rá. Ọ̀nà Ṣakí ti di títì, ọ̀kadà ń ké síni létí láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tí wọ́n gbé èmi wá sílé ọkọ níbí, kò tíì pẹ́ tí náírà dé, ohùn okùn kànga la fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Okùn á máa ha ara igi tí wọ́n fi dábùú ẹnu kànga, á máa dún kẹ̀ẹ́-kẹ̀ẹ́-kẹ̀ẹ́, gárawá á sì bọ́ lómi nísàlẹ̀, gbọ̀ọ́! Obìnrin tí kò bá tètè jí, ẹrẹ̀ ni yóò fà. Tí okùn bá ti dákẹ́ díẹ̀, ohùn àwọn ọmọ kéwú á bọ́ sí i. Ẹ ó gbọ́ ohùn tó ga, ẹ ó gbọ́ èyí tó ń tòògbé, gbogbo rẹ̀ á máa hó pọ̀ bí oyin tó ń wọlé.

Láàárín kànga àti ilé kéwú ni ọ̀gánwó kan wà. Kò sẹ́ni tó gbìn ín. Bàbá ọkọ mi sọ pé bàbá òun bá a níbẹ̀, ó sì ti tóbi nígbà yẹn. Abẹ́ rẹ̀ la ti ń dúró de ipò wa lẹ́nu kànga. Abẹ́ rẹ̀ náà ni àwọn obìnrin Fúlàní ń sọ igbá wàrà wọn kalẹ̀ sí bí wọ́n bá ń lọ sí ọjà Àgọ́-Àmọ̀dú. Ní ọjọ́ wòlímọ̀, tí ọmọ kan bá ka Kùránì tán, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń wé láwàní fún un, tí ìyá rẹ̀ á máa jó, tí á máa sunkún pọ̀ mọ́ ọn. Mo ti jó bẹ́ẹ̀ fún ọmọ àwọn ẹlòmíràn. N kò jó o fún tèmi. N ó débẹ̀.

Ààfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa, Ààfáà Onítàdáwà là ń pè é. Tàdáwà lomi tí wọ́n fi ń kọ̀wé sára wàláà, pátákó àwọn ọmọ kéwú. Kò sọ́jọ́ tí tàdáwà kì í sí lára ìka bàbá náà. Dúdú ló fi ń kọ ọ̀rọ̀, pupa ló fi ń sàmì sí i lórí. Inú pòròpórò ọkà bàbà ló ti ń se pupa yẹn, yóò sè é títí yóò fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ ẹran Iléyá. Ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Múfú, ọlọ́yàyà ọmọ, alájẹkì. Ó bá ìkòkò tàdáwà pupa lọ́jọ́ kan, ó gbé e mu. Ìgbà tó la ẹnu, eyín rẹ̀ pọ́n, ahọ́n rẹ̀ pọ́n, ìyá rẹ̀ figbe ta, "Ẹ gbà mí o, ọmọ ń pọ ẹ̀jẹ̀!" Ààfáà yọjú, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ẹ ní kó la ẹnu dáadáa, ká mọ súrà tó gbé mì." A rẹ́rìn-ín títí tí gárawá mi fi já sí kànga.

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ọkùnrin tí kì í pariwo ni, ṣùgbọ́n ọmọ kì í sá fún un. Ẹgba rẹ̀ wà lórí àjà, eruku ti bò ó.

Sìdíkátù ọmọ mi ló bi í ní ìbéèrè tó bí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹẹ̀rùn ni, kànga ti jìn, okùn ti ń bó wa lọ́wọ́. Sìdí gbójú sókè wo ewé ọ̀gánwó tó tutù yọ̀yọ̀, ó ní, "Ààfáà, okùn la fi ń fa omi kànga. Ta ló ń bá igi fà tiẹ̀ dé òkè yẹn?"

Àwọn ọmọ tó kù bú sẹ́rìn-ín. Múfú ní, "Ọ̀bọ ló ń bá a fà á!"

Ààfáà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ewé ló ń fà á, oòrùn ló sì ń rán ewé níṣẹ́. Ó já ọ̀pá gúre kan tó hù létí kànga, ó kì í bọ inú tàdáwà pupa, ó ní kí wọ́n lọ ka wàláà wọn. Nígbà tí wọ́n padà dé, ẹ wá wo gúre! Pupa ti gun inú ọ̀pá rẹ̀ tín-ín-rín tín-ín-rín, ó ti dé ìdí ewé. Ó dá a sí méjì, ó fi ojú ibi tó ti dá hàn wọ́n: ẹ rí àmì pupa tótòtó bí ojú èèrà. Ó ní, "Kí lẹ rí yìí?" Wọ́n ní, "Iṣan ni." Ó ní, "Kí ló ń gba inú rẹ̀?" Òun náà ló dáhùn. Ó ní, "Ìṣàn ni. Iṣan ni ìṣàn ń gbà." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n fi ṣe orin, wọ́n ń kọ ọ́ lọ, wọ́n ń kọ ọ́ bọ̀, iṣan ni ìṣàn ń gbà, títí ó fi sú àwa tí a ń fa omi.

Ó tún ṣe eré kan fún wọn. Ó to àwọn ọmọ ní ìlà méjì láti ẹnu kànga dé orí pẹpẹ ilé rẹ̀. Ìlà kan ń gba igbá omi lọ́wọ́ ara wọn gòkè, ìlà kejì ń gba ẹ̀pà sọ̀kalẹ̀. Ó ní àwọn tó wà lórí pẹpẹ ni ewé, àwọn ló ń se oúnjẹ. Àwọn tó wà ní kànga ni gbòǹgbò, àwọn ló ń pọn omi. Inú igi ni omi ń gbà gòkè. Ara èèpo ni oúnjẹ ń gbà sọ̀kalẹ̀. Ó wá fọwọ́ gé ìlà ẹ̀pà láàárín, ó ní kí wọ́n jókòó. Omi ń lọ, ẹ̀pà kò bọ̀ mọ́. Múfú tó jẹ́ gbòǹgbò fa omi títí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ju igbá sílẹ̀: "N ò fà mọ́! Ẹ̀yin ará òkè ń jẹ ẹ̀pà, èmi ń pọn omi, ṣé ẹrú yín ni mí ni?"

Ààfáà pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ o! Gbòǹgbò ló sọ̀rọ̀ yẹn. Kì í sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Yóò kọ́kọ́ fara dà á. Ọjọ́ tó bá sọ ọ́, ó ti parí."

Ẹ wá rántí pé àwọn baba wa mọ èyí kí Ààfáà tó dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò fi ẹ̀pà kọ́ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá fẹ́ pa igi tó dí oko lọ́wọ́, wọn kì í gé e lulẹ̀. Wọ́n á fi àdá bó èèpo rẹ̀ yí ká, wọ́n á ní àwọn ti dè é ní ìgbànú. Igi tó bá de ìgbànú, ó dàgbéré. Nítorí náà, ẹni tó ń wá èèpo fún àgbo ní òfin tirẹ̀: ìhà tí oòrùn ti ń yọ àti ìhà tí ó ń wọ̀ sí ni yóò ti bó o, díẹ̀díẹ̀. Òfin kejì sì wà, òun ni kí ẹ fetí sí. A kì í dá egbò lórí egbò. Ibi tí ẹnìkan bá ti bó, tí kò tíì jinná, ìwọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Àánú igi ni wọ́n fi ṣe òfin yẹn. Ọmọlúwàbí kò ní lu ẹni tó ti ṣubú.

Láyé àtijọ́, ọ̀gánwó pọ̀ nínú igbó, kálukú mọ tirẹ̀. Tábà ló jẹ wọ́n tán. Àwọn ọkọ wa ń gbin tábà nígbà náà, láti ibí títí dé Ìsẹ́yìn, a sì ń yan án nínú ilé tó ń jẹ igi tọ̀sán tòru. Èéfín rẹ̀ ń dùn nímú, kí n má purọ́. Òun la fi kọ́lé, òun la fi ra kẹ̀kẹ́. Igi ìdí kànga nìkan ló wá kù, nítorí kò sẹ́ni tó láyà láti gé e lójú gbogbo obìnrin.

Èéyi wá dé. Oyé mú, ètè ń bẹ́, èéyi sì ń lọ láti ilé dé ilé bí ẹni tó ń gba owó orí. Ẹ̀yin tí wọ́n fún lábẹ́rẹ́ lọ́mọ ọwọ́ kò mọ̀ ọ́n. Ojú ọmọ á pọ́n, ara á gbóná bí ìkòkò orí iná, kò ní lè gbé itọ́ mì. Ilé ìwòsàn wà ní Ṣakí, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọjà nìkan ni mọ́tò ń kọjá, èéyi kì í sì í dúró de ọjọ́ ọjà. Hàntú ni a ní, ìyẹn omi tí Ààfáà fi ń fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà kí aláìsàn lè mu ún. A tún ní àgbo. Èèpo ọ̀gánwó ló sì ń lé ibà nínú àgbo.

Àwọn ìyá ń wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó dẹ́ṣẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ bó ìhà ìlà oòrùn. Ẹni kejì bó ìwọ̀ oòrùn. Ẹni tó tẹ̀ lé wọn rí i pé egbò wà níbẹ̀, ó ní òun kò ní dá egbò lórí egbò, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó tún tẹ̀ lé e sún díẹ̀ sí i. Báyìí ni wọ́n ń fi àánú sún, tí ìgbànú ń yí igi po lójú gbogbo wa. Ààfáà ló kọ́kọ́ rí i. Ó wí fún àwọn ọkùnrin lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n ní òótọ́ ni, wọ́n mi orí. Ṣùgbọ́n ibà ọmọ kì í gbọ́ wáàsí.

Nígbà tó yá, ibi tí èèpo ṣẹ́ kù sí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwọn ọmọ kéwú tí ara wọn dá ní àwọn yóò máa ṣọ́ ọ. Ta ló rán wọn? Kò sí. Ẹ̀kọ́ tó bá wọ ọmọ lára, ó di iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá parí wàláà, ọ̀kan á lọ fẹ̀yìn ti ibẹ̀.

Sìdí ló fẹ̀yìn tì í lọ́jọ́ tí Ìyá Ràfíù dé. Ìyá Ràfíù ni ìyáálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, a jọ ń dáná lágbo ilé kan. Ràfíù ọmọ rẹ̀ àti Sìdí jọ bẹ̀rẹ̀ kéwú ni, súrà kan náà ni wọ́n wà. Èéyi ti dá Ràfíù dùbúlẹ̀ láti ìgbà díẹ̀. Mo wà lẹ́nu kànga, okùn wà lọ́wọ́ mi. Mo rí Ìyá Ràfíù tó ń bọ̀ láìbo orí, àdá lọ́wọ́ kan, igbá lọ́wọ́ kejì.

Ó ní, "Sìdí, bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́."

"Ìyá Ràfíù, ẹ jọ̀ọ́. Òun nìkan ló kù. Ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ ni."

"Oúnjẹ ta?"

"Gbòǹgbò."

"Ràfíù ńkọ́? Ọ̀nà wo ni tiẹ̀ fẹ́ gbà?"

Sìdí bú sẹ́kún, ṣùgbọ́n kò kúrò. Ó lẹ̀ mọ́ igi bí ẹyẹ tí àtè mú. Ẹ mọ̀ pé Ìyá Ràfíù lágbára, ọwọ́ kan ni yóò fi gbé e kúrò. Kò fọwọ́ kàn án. Ó lóṣòó síwájú rẹ̀, ó gbé àdá sílẹ̀, ó ní, "Sìdí, ọkọ mi. Ràfíù bèèrè rẹ láàárọ̀. Ó ní ṣé o ti kọjá òun nínú súrà yẹn. Mo ní o ṣì ń dúró dè é. Ṣé mo parọ́?"

Sìdí mi orí pé rárá.

"Jẹ́ n bu díẹ̀ fún un."

"Igi á kú."

Ààfáà ti jáde. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé kéwú. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n lóde òní, ẹ lè sọ ohun tó yẹ kó wí. Àwa tí a wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Sìdí, yẹra fún ìyá rẹ."

"Ààfáà, ẹ̀yin náà lẹ sọ pé..."

"Èmi ni mo sọ ọ́. Yẹra."

Ó yẹra. Mo gbọ́ àdá, kọ́, kọ́. Inú èèpo ọ̀gánwó máa ń pọ́n, ẹ mọ̀. Ìyá Ràfíù kó o sínú igbá, ó sáré. Mo rí i pé ó ti bó o tán yí po kí ó tó mọ̀. Ojú rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ràfíù kú kí àgbo tó hó.

Ìrun Làásárì la kí tán tí wọ́n gbé e lọ. Ìkòkò àgbo wà lórí àdìrò títí ilẹ̀ fi mọ́, iná ti kú nídìí rẹ̀, èèpo pupa léfòó sójú omi. Kò sẹ́ni tó lè dà á nù, kò sì sẹ́ni tó lè wò ó. Ẹran ilé ló dà á nígbẹ̀yìn.

Ẹnìkan kò bú Ìyá Ràfíù. Ẹnìkan kò bú Sìdí. Ohun tí wọn kò bú ọmọdé lé lórí, òun ló máa ń bú ara rẹ̀ lé. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀. Mo ń dì í nírun láàárọ̀ ọjọ́ kan, orí rẹ̀ wà láàárín orúnkún mi, n kò rí ojú rẹ̀. Ó ní, "Màámi, tí mo bá ti yẹra kíákíá, ṣé àgbo ì bá ti hó?"

Mo ní, "Àgbo kọ́ ni Ọlọ́run ń wò kó tó mú ẹni tó fẹ́ mú."

Ó ní, "Mi ò bi yín ní ti Ọlọ́run. Mo ní, ṣé ì bá ti hó?"

Mo tú ìlà tí mo ti dì, mo tún un dì.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ ohun tí ọmọ ibòmíràn kò lè rò láé. Bí àwọn ọmọ bá ka wàláà wọn tán, wọ́n ń fọ̀ ọ́ kí Ààfáà lè kọ òmíràn sí i. Sìdí ní kí ẹnikẹ́ni má da omi náà nù mọ́. Ó ní ṣebí Ààfáà wí pé omi ń gba inú igi gòkè, inú igi kò sì ní egbò, èèpo nìkan ni wọ́n bó. Bí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run bá wà nínú omi, ó ní láti bá omi gòkè, kó dé ewé, kó wo igi sàn. Ohun tí hàntú ṣe fún ènìyàn, kí ló dé tí kò fi ní í ṣe é fún igi? Gbogbo wọn gbà á. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rọ ọ́ sídìí ọ̀gánwó, wọ́n ń sọ Bísímílà, wọ́n á sì wo òkè.

Ààfáà rí wọn. Kò dá wọn dúró. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ó ń kọ wàláà àwọn ọmọ kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, láti etí dé etí, pupa lórí dúdú, débi pé àwọn kéékèèké kò lè kà á tán.

Òjò àkọ́rọ̀ dé. Ọ̀gánwó rúwé.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀ bá rí abúlé yìí lọ́jọ́ náà! Ewé tuntun ọ̀gánwó a máa pọ́n díẹ̀ kó tó tutù. Ọdọọdún la ń rí i, a kì í tilẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Lọ́dún yẹn àwọn ọmọ ní tàdáwà pupa ló ti débẹ̀. Wọ́n ń fò, wọ́n ń kọrin ìṣàn àti iṣan, Múfú gun ẹ̀ka, ó já ewé kan, ó fi ahọ́n lá a láti mọ̀ bóyá tàdáwà ni. Ó ṣáà mọ adùn rẹ̀. Àwọn àgbà pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í fi Ààfáà ṣe yẹ̀yẹ́. "Ààfáà, igi tẹ́ ẹ ní ó kú ti jí dìde o! Ṣé ẹ ó tún kí i ní ìrun òkú?"

Sìdí sáré wọ ilé. Ìyá Ràfíù ń ṣa ẹ̀wà. "Ìyá Ràfíù, ó yè! Ọ̀gánwó yè! Ẹ wá wò ó!"

Ìyá Ràfíù gbójú sókè. Ó ní, "Ó yè. O ṣeun." Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Èmi lọ bá Ààfáà. Mo ní, "Ààfáà, ṣé ó yè lóòótọ́?" Ó ń ro tàdáwà pọ̀, kò wò mí. Ó ní, "Ìyá Sìdí, oúnjẹ tó fi pamọ́ ló ń jẹ. Gbòǹgbò ṣì ń fara dà á. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, òjò tó ń bọ̀ kò ní í bá ewé."

Bó ṣe wí náà ló rí. Kí iṣu tuntun tó jáde, ewé ti ń gbẹ nígbà tí gbogbo igbó tutù. Oyé dé, ó wà ní ìhòòhò. Èèpo òkè ń bọ́ fúnra rẹ̀, ẹ̀ka ń dá lọ́sàn-án láìsí afẹ́fẹ́, a kò lè jókòó sábẹ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ dẹ́kun hàntú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìsọ fún ara wọn. Sìdí nìkan ló ń rọ tirẹ̀. Ọjọ́ kan ni mo bá a tó ti fi ọkọ́ gbẹ́ ìdí igi, ó kan gbòǹgbò kan, ó ṣẹ́ ẹ. Ó dún pọ̀ọ́ bí igi ìdáná. Ó mú un wá fún mi, ó ní, "Màámi, kò ti ẹ̀ mu ún."

Kò padà sí ilé kéwú. A bẹ̀ ẹ́, a nà án, Ààfáà fúnra rẹ̀ wá jókòó sílé wa. Ọmọ náà á kúnlẹ̀ kí i, á bu omi fún un, kò ní lọ. Ọ̀rọ̀ wòlímọ̀ tèmi parí síbẹ̀.

Àwọn ọkùnrin gé ọ̀gánwó kó má baà wó lu ènìyàn. Ẹ̀ka lọ síbi tábà. Agbẹ́gilére kan wá láti Ìwéré-Ilé, ó la pákó lára ìtí, mọ́ṣáláṣí gba pákó fún gbígbé òkú. Ìdí igi, wọ́n gbẹ́ ẹ ní odó, wọ́n ní ta ni kí àwọn fún? Ẹnìkan tí kò mọ ohun tó ń ṣe ní kí wọ́n fún Ìyá Ràfíù, odó tirẹ̀ ti là. Ó gbà á. Ojoojúmọ́ ló fi ń gúnyán. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan bí ó ṣe ń ṣe é. Ó ní, "Ìyàwó, kí n máa wò ó ni?"

Oòrùn wá kọjú sí kànga, ògiri rẹ̀ là, ó wó lọ́dún tí òjò kọ̀ tí iná jó oko wa lọ títí dé ọ̀nà Òtù. Ààfáà kú lẹ́yìn ìyẹn. Ọmọ rẹ̀ tó wà nÍsẹ́yìn wá kó wàláà àti Kùránì rẹ̀. Ilé kéwú, àbúrò rẹ̀ jogún rẹ̀, ó fi kó àgbàdo sí. Bí wọ́n ṣe ń se pupa inú pòròpórò, kò sẹ́ni tó jogún ìyẹn. Múfú jogún oko baba rẹ̀, ó gbin kaṣú sí i. Kaṣú rẹ̀ yẹn lẹ̀ ń lọ ṣà.

Ìyá Ràfíù darúgbó lọ́wọ́ mi. Kò bímọ mìíràn. Nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ kù díẹ̀, ó pín aṣọ rẹ̀ fún àwọn ìyàwó ilé, ó fi ìkòkò fún mi. Ó ní, "Odó yẹn, Sìdí ni kí ẹ fún. Kí ẹ sì wí fún un pé Ràfíù ti ń lọ kí n tó jáde nílé. Mo ti mọ̀ ọ́n. Mo kàn fẹ́ kí ọwọ́ mi rí nǹkan ṣe ni."

Mo ní, "Ìyáálé mi, láti ìgbà wo lẹ ti mọ èyí?"

Ó ní, "Ṣé ó bi mí ni? Ọmọ náà kò wo ojú mi mọ́ láti ìgbà tí igi ti gbẹ. Mo rò pé ó ń bínú sí mi."

A sin ín. Sìdí ti ní ọmọ-ọmọ ní Ṣakí nígbà yẹn. Mo wọ mọ́tò lọ bá a, wọ́n gbé odó sí ẹ̀yìn. Ó ń bọ̀ láti ọjà, ó bá wa níbi tí dírẹ́bà ti ń já ẹrù. Kò bèèrè odó ta ni. Ó gba òṣùká lọ́wọ́ ọmọ kan, ó bẹ̀rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé e ru òun. Obìnrin tó lé ní àádọ́ta ọdún! Mo ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, mo sì ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, bí Ìyá Ràfíù ṣe wí i. Ó rìn títí ó fi dé àgbàlá rẹ̀, ó dúró sójú kan, odó wà lórí rẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀ gba ọrùn.

Ó ní, "Màámi, ẹ bá mi sọ̀ ọ́. Ó ti wúwo jù."